Tẹlifíṣọ̀n Pẹlẹbẹ Tí A Rà ní Sábó, Ìkòròdú

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó wà nílé wa kọ̀ tí kò tàn mọ́, èmi àti ìyàwó mi lọ sí Sábó ní Ìkòròdú, a sì yẹ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta wò kí a tó sanwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gba íǹṣì tí wọ́n kọ sára páálí bí ẹni pé ìbú rẹ̀ ni, nítorí láti igun ìsàlẹ̀ kan dé igun òkè tó kọjú sí i ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Íǹṣì 43 tí a rà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 95 lọ ní ìbú.

Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, mo ní kí wọ́n tan méjì pa pọ̀, mo sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti wò wọ́n: ojú obìnrin tó ń ka ìròyìn funfun bí ẹfun lára ọ̀kan, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà lára èkejì. Èkejì yìí ni a mú. Àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara, inú mi sì dùn sí i gan-an.

Ohùn rẹ̀ nìkan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, ó tín-ín-rín jù. Bí iná mànàmáná àdúgbò wa sì ṣe máa ń lọ sókè sódò, mo ra stabilizer mọ́ ọn lọ́jọ́ náà gan-an, kí a tó tàn án nílé rárá.