Lagos ti ilẹ̀ Pọ́rtúgàl: ẹ má jẹ́ kí wọ́n sáré mú yín kọjá ilé olókùúta yẹn

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, ẹ̀gbẹ́ Pópó Àgùdà ni wọ́n bí mi sí, níbi tí orúkọ Potogí ti wọ́pọ̀ bí orúkọ Yorùbá. Ìgbà tí iṣẹ́ gbé mi dé Lisbon, mo ti pinnu pé mi ò ní padà sílé láì fojú kan Lagos tiwọn. Ìlú etíkun ni, ó wà ní agbègbè Algarve ní gúúsù. "Adágún omi" ni "lagos" ní èdè wọn, ẹni tó bá mọ ọ̀sà Èkó á mọ̀ pé orúkọ náà kò ṣàjèjì sí wa. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin, a pààrọ̀ ọkọ̀ ní Tunes, mo sì dé láyọ̀.

Mo ti sanwó sílẹ̀ fún afinimọ̀nà tí yóò mú wa rìn yí ìlú ká. N ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ó sì mọ ìtàn Gil Eanes, ọmọ ìlú náà tó wakọ̀ ojú omi kọjá Orí-ilẹ̀ Bojador, ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní 1434. Ó mú wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì Santo António: igi gbígbẹ́ pọ̀ lára ògiri rẹ̀, ó ń tàn yanran, wúrà ni wọ́n fi bò ó. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé gbàgede tí wọ́n fi orúkọ Infante Dom Henrique, ọmọba Potogí àtijọ́, pè, ó dúró síbi ère ọmọba náà, ó ń ròyìn ìgboyà rẹ̀ ṣáá, ó sì kẹ̀yìn sí ilé olókùúta kan tó ní ẹnu ọ̀nà roboto. Mo bi í pé ilé kí ni. Ó ní ọjà àtijọ́ ni, ó sì ní àkókò ti tó. Ó dùn mí.

Mo dá padà síbẹ̀ fúnra mi lọ́sàn-án. Mercado de Escravos ni wọ́n ń pe ilé náà, Ọjà Ẹrú; ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni báyìí. Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ìtàn tó wà nínú rẹ̀ ti wà ṣáájú ilé. Owó ìwọlé kò ga. Inú rẹ̀ kò tóbi, ó sì tutù, ariwo gbàgede a máa dákẹ́ tí èèyàn bá ti wọlé.

Ní oṣù kẹjọ 1444, Lançarote de Freitas, olórí ẹgbẹ́ ọkọ̀ ojú omi Potogí kan, kó èèyàn 235 tí wọ́n mú ní agbègbè Arguin, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Mauritania lónìí, wá sí ìlú yìí. Zurara, akọ̀tàn ààfin, kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pín wọn: bàbá lọ sápá kan, ọmọ lọ sápá kejì, ìyá gbá ọmọ mọ́ra, ó dojú bolẹ̀ kí wọ́n má baà já a gbà. Ọmọba Henrique wà lórí ẹṣin, ó ń wò. Èèyàn 46 ló jẹ́ ìpín tirẹ̀. Òun náà ni ère rẹ̀ wà níta.

Èyí tó gba omi lójú mi ni ìtàn Valle da Gafaria, ibì kan nínú ìlú Lagos yìí kan náà. Ní 2009, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ibùdó ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ti bá egungun àwọn ọmọ Áfíríkà 158. Ààtàn ìlú ni ibẹ̀ nígbà náà, lẹ́yìn odi. Àwọn kan wà tí ó jọ pé wọ́n so lọ́wọ́. Ọmọdé wà nínú wọn. Òkú ọmọ ènìyàn, lórí ààtàn! Mo jókòó sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, mi ò lè dìde kíákíá. Àwọn wọ̀nyí lè má jẹ́ ará ilé mi, ṣùgbọ́n mo kí wọn bí a ṣe ń kí òkú nílé wa.

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, méjì fún afinimọ̀nà. Wákàtí kan tó láti rí gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá ń kó ọmọ lọ, ẹ kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ sì lọ síbẹ̀ ṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì oníwúrà yẹn.