Ìbéèrè owó: ọ̀nà Suzanne Somers àti ọ̀nà àwọn mẹ́fà inú Friends

Ní 1980, Suzanne Somers, tó ń ṣe Chrissy nínú eré apanilẹ́rìn-ín Three's Company lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n sọ owó òun di 150,000 dọ́là lórí apá kọ̀ọ̀kan. 30,000 ni wọ́n ń san fún un. Ó ní iye tí àwọn ọkùnrin ń gbà lòun ń béèrè, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni lójú tèmi. Àmọ́ òun nìkan ló dá a béèrè. Wọ́n gé ipa rẹ̀ kúrú débi pé ibi tó ti ń bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù nìkan la ti ń rí i nínú eré náà, wọ́n sì ń ya tirẹ̀ lọ́tọ̀ kí òun àtàwọn yòókù má bàa pàdé. Ó dùn mí gan-an. Nígbà tó di 1981, ó ti kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ọdún 1991 ló tó tún rí eré tó tọ́jọ́, ìyẹn Step by Step.

Àwọn òṣèré mẹ́fà inú Friends, eré apanilẹ́rìn-ín mìíràn lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, para pọ̀ béèrè tiwọn ní 1996. Owó Jennifer Aniston àti David Schwimmer ti ju tàwọn tó kù lọ, síbẹ̀ wọ́n gbà kí gbogbo wọn jọ máa gba iye kan náà. Nígbà tí eré náà fi máa parí ní 2004, mílíọ̀nù kan dọ́là ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí apá kan.

Èmi fara mọ́ ti àwọn mẹ́fà yìí. Ó rọrùn láti fi ẹlòmíì rọ́pò òṣèré kan. Ta ló máa rọ́pò mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà?