Ẹ ṣọ́ra fún jíípù tí wọ́n so irin ìfàkọ̀ mọ́ nídìí: ohun tí ojú mi rí ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ti fẹ̀yìntì, àti ẹ̀yin tí ó kù díẹ̀ kí ẹ fẹ̀yìntì, ìtìjú ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí mo ti gbé e mọ́ra, tí n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí àwọn ará ilé mi, nítorí pé ẹni tí ó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ní Ìkòròdú níbí, kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lù ú ní jìbìtì lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Bí ẹ bá ń wá jíípù tòkunbọ̀ tí yóò máa fa ẹrù wúwo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ètò tí èmi àti ìyàwó mi ṣe fún ìgbà ìfẹ̀yìntì wa kò ní àléébù. Àbúrò rẹ̀ tí ó ń gbé ní ìlú ọba ni ó fi kárávàànù àlòkù kan ránṣẹ́ sí wa, ìyẹn ilé kékeré onítáyà méjì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí ó ní ibùsùn, sítóòfù onígáàsì àti ibi ìfọwọ́. Ẹ̀yìn a máa dun ìyàwó mi, kì í sì í sùn sórí ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì kí ó jí ní àlàáfíà. Ìdí nìyí tí a fi pinnu pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, a ó máa gbé ibùsùn tiwa rìn. Ìdànrè ni a fẹ́ kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, kí a sì gba Erin-Ìjẹ̀ṣà padà wálé. Inú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì tí ó ní ọlọ́dẹ ni a ó máa sùn sí lóru, a kò ní dúró sí ẹ̀bá títì. Ọdún méjì gbáko ni a fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé ńṣe ni mo kàn sáré lọ ra ọkọ̀. Mo ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí n ṣe. Àkọlé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kárávàànù náà sọ pé bí a bá di ẹrù kún un tán, kò gbọdọ̀ wúwo ju 1,400 kìlógíráàmù lọ. Mo mọ̀ pé Toyota 4Runner onípísítìnì mẹ́fà, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 4.0, lè fa 5,000 pọ́ùn, èyí tí í ṣe nǹkan bí 2,268 kìlógíráàmù, àyè sì ṣẹ́ kù fún òkè àti ooru. Mo mọ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ẹrù náà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ni ó yẹ kí ó tẹ orí irin ìfàkọ̀, kí kárávàànù má baà máa ju ìrù kiri lẹ́yìn ọkọ̀. Mo tilẹ̀ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n ń gbé ẹnu kárávàànù lé, ti Amẹ́ríkà fi díẹ̀ tóbi ju ti ìlú ọba tí ó jẹ́ 50 mìlímítà, mo sì lọ ra èyí tí ó bá a mu ní Ládípọ̀. Ọkọ̀ tí mo yàn tọ́. Èyí tí wọ́n tà fún mi ni kò tọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ìyàtọ̀ sí i.

Ní ẹ̀bá ọ̀nà Ṣágámù ni mo ti rí i, ní ibi tí wọ́n to ọkọ̀ tòkunbọ̀ sí bí ìgbà tí wọ́n to iṣu sọ́jà. Àwọ̀ eérú ni, ó ń dán, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ aláwọ, irin ìfàkọ̀ dúdú kan sì wà nídìí rẹ̀ tí ó nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi. Irin yẹn ni ó pa mí. Ọmọkùnrin tí ó ń ta ọkọ̀ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi, ó ní, “Dádì mi, ọkọ̀ yìí ti fa ọkọ̀ ojú omi rí ní Amẹ́ríkà. Ẹ ò rí irin ìdí rẹ̀ ni? Ta ni yóò fi irin sídìí ọkọ̀ tí kò lè fa nǹkan?” Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ kan irin náà. Ọ̀dà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi níka. Mo mú áńkáṣíìfù, mo nu ọwọ́ mi, mo sì dìde láì ro ohun tí ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Ẹ dákun, báwo ni ọ̀dà irin tí ó ti fa ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà yóò ṣe ṣì máa lẹ̀ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ ní Ìkòròdú? Lójoojúmọ́ ni mo ń bi ara mi ní ìbéèrè yìí.

Ó ní ọkọ̀ ọdún 2009 ni, ó sì fi hàn mí lójú dásíbọ́ọ̀dù pé kò tíì rìn ju 71,000 máìlì lọ. Mẹkáníìkì mi ti lọ sin ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo ní kí a dúró dè é, ọmọ náà ní ẹnìkan ń gbé owó bọ̀ láti Sábó, pé nítorí irun funfun orí mi nìkan ni òun fi fún mi láǹfààní. Ó pe mẹkáníìkì kan wá, ẹni yẹn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó mi orí bí dókítà. Ta ni ó san owó fún mẹkáníìkì náà? Ọmọ náà kan náà ni. A wa ọkọ̀ dé ọ̀nà Ọ̀gìjọ, a padà, jíà ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, n kò sì so ohunkóhun mọ́ ọn nídìí. Ní ọjọ́ kejì, mo san ₦11,400,000. Apá tí ó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n san fún mi lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí mo fẹ̀yìntì ni ó bá a lọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni a gbéra, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ-ọmọ wa ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyàwó mi ti se mọ́ínmọ́ín, ó ti din ìpékeré sínú ike. Ọkọ̀ náà fà á dáadáa dé Ṣágámù, ó sì fà á dé Ìjẹ̀bú-Òde. A kò tíì dé ìletò J4 lójú ọ̀nà Bẹ̀nì nígbà tí mo rí i pé ẹ́ńjìnnì ń pariwo ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò sáré, bí ìgbà tí ènìyàn ń gún iyán nínú odó tí kò ní iṣu. Iná kan tàn lójú dásíbọ́ọ̀dù. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọkọ̀ sì dúró pátápátá. Mo fi jíà síwájú, kò lọ, mo fi í sẹ́yìn, kò lọ. Òórùn iná ń ti abẹ́ rẹ̀ bọ̀. Omi ń gbẹ ọmọ lọ́fun, ìyàwó mi sì ní òun yóò lọ bu omi nínú kárávàànù. Ohun tí mi ò rò rí nìyí: ìlú tí wọ́n ti ń gba apá òsì títì ni wọ́n ti ṣe kárávàànù náà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òsì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà, ìyẹn sì ni ojú títì níhìn-ín. Obìnrin tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún fi ẹ̀yìn rẹ̀ tí ń dùn ún gun àtẹ̀gùn yẹn, tírélà ń fẹ́ atẹ́gùn lù ú láṣọ. Wákàtí márùn-ún ni a lò níbẹ̀. Ọkọ̀ afàkọ̀ méjì ni mo san owó rẹ̀, ọ̀kan fún jíípù, ọ̀kan fún kárávàànù, ojú ọjà sì ni wọ́n fà wá gbà wọ Ìkòròdú, níṣojú àwọn tí mo kọ́ níwèé.

Nígbà tí mẹkáníìkì mi dé, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú nọ́ọ̀tì ìdí jíà. Ọ́ìlì jíà tí ó yẹ kí ó pupa, kí ó sì mọ́ gaara, ńṣe ni ó ń ṣàn jáde bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n da sóbò sí. Ó ṣàlàyé fún mi pé inú rédíétọ̀ ni ọ́ìlì jíà ti ń gba ìtura. Bí inú rédíétọ̀ bá ti jẹ, omi á wọ inú ọ́ìlì, á sì ba inú jíà jẹ́. Ẹni tí ó tà á fún mi ti da èyí tí ó bàjẹ́ nù, ó ti rọ tuntun sí i, nítorí ó mọ̀ pé jíà náà yóò gbé ọkọ̀ òfìfo rìn fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ẹ má sì sọ pé kí ni ó dé tí n kò fa irin ìwọn ọ́ìlì jíà yọ wò: jíà onípele márùn-ún tí ó wà lára ọkọ̀ yìí kò ní irin bẹ́ẹ̀, àfi kí a wọ abẹ́ ọkọ̀. Ṣé kí n wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú agbádá ni?

Kò parí síbẹ̀. Irin ìfàkọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ sanwó, wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà ni ó jó o mọ́ páànù pẹlẹbẹ kan, wọ́n sì kun ọ̀dà dúdú bo ìpẹtà ara ṣáásì. Ibi tí wọ́n jó ọ̀hún ti là ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí jíà kò bá kọ iṣẹ́ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn, ṣé orí òkè Ìdànrè ni kárávàànù ìbá ti já sílẹ̀ lára wa, kí ó yí lọ bá ọmọ ẹlòmíràn? Ọkọ̀ 2009 kọ́ sì ni. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ jẹ́ ẹyọ mẹ́tàdínlógún, ẹyọ kẹwàá ni ó ń sọ ọdún: 9 ni ti 2009, 5 sì ni ó wà lára tèmi, ìyẹn 2005. Ojú gíláàsì iwájú ni nọ́ńbà yẹn wà, mo wò ó, mo sì dà á kọ sínú ìwé pàápàá! Olùkọ́ ìṣirò kò ka nọ́ńbà.

Mo padà lọ bá wọn. Ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ fún mi níjọ́sí kò dìde lórí àga. Ó ní bí mo ṣe rí i ni mo ṣe rà á, pé bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ìwé ẹ̀rí owó, pé èmi ni mo fi ẹrù àpọ̀jù ba jíà jẹ́. Ẹrù àpọ̀jù! Ọkọ̀ tí ó fa ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà! Mo ti fi ẹjọ́ sun ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kí a lọ yanjú rẹ̀ láàrin ara wa. Olè ni wọ́n, n kò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Láti ọjọ́ náà, n kò gba ẹnikẹ́ni tí ń ta ọkọ̀ gbọ́ mọ́. Àní obìnrin tí ó ń ta bátìrì ní Àgríkì, mo ní kí ó wọn án lójú mi lẹ́ẹ̀mejì, inú sì bí i. Ẹ óò ní àwọn olóòótọ́ ṣì wà nínú wọn. Ẹ fi ẹyọ kan hàn mí.

Ìyàwó mi ti ní kí n dúró de mẹkáníìkì wa. Mo ní obìnrin kò mọ̀ nípa ọkọ̀. Kò tíì fi ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára di òní, èyí gan-an ni ó sì ń dùn mí jù. Síbẹ̀, ẹni tí ó purọ́ ni ó jẹ̀bi, ẹni tí ó gbàgbọ́ kọ́.

Ẹ gbọ́ o: ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kí ó tú nọ́ọ̀tì jíà kí ẹ rí àwọ̀ ọ́ìlì. Ẹ ka ẹyọ kẹwàá. Ẹ wo ìwé pélébé tí ó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ wà níbẹ̀; bí wọ́n bá ti ha á tàbí kun ún, ẹ padà sílé. Ẹ fi ọwọ́ tẹ rọ́bà bíréèkì, bí ó bá ti dán bọ̀rọ̀ tí máìlì sì kéré, wọ́n ti yí nọ́ńbà máìlì náà padà sẹ́yìn. Irin ìfàkọ̀, nọ́ọ̀tì gidi ni kí ó mú un mọ́ ṣáásì. Ẹni tí ó bá ní Sẹ̀mẹ̀ ni ọkọ̀ gbà wọlé, ẹ rántí pé láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Kí ẹ sì so ẹrù mọ́ ọn kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fi pamọ́.

Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá. Wọ́n ti gbé 4Runner mìíràn sí ojú kan náà, funfun. Ọmọkùnrin kan kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, agolo ọ̀dà dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kun irin ìdí rẹ̀.