Ìdànrè kò parí sórí àtẹ̀gùn: èwo nínú àwọn ọ̀nà òkè rẹ̀ ló bá yín mu?

Ẹni tó bá bi mí pé òkè wo ni kí òun lọ gùn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ìdànrè ni mo máa ń dárúkọ. Ìlú náà kò jìnnà sí Àkúrẹ́ rárá. Kí ọkọ̀ tó wọ̀lú lẹ ó ti máa rí àwọn àpáta ńláńlá tó yí i ká, dúdú, bọ̀rọ̀kọ̀tọ̀, tí omi òjò ti fa ìlà sí lára láti òkè délẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ àlejò á gun àtẹ̀gùn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì wọkọ̀ padà sílé. Ìdànrè tí wọ́n wá wò ṣì wà níwájú níbi tí wọ́n ti yí padà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká tinú àtẹ̀gùn náà bẹ̀rẹ̀, torí kò sí bí àlejò ṣe máa yẹ̀ ẹ́. Òdòdé Ìdànrè ni ẹnu ọ̀nà wà. Ibẹ̀ lẹ ó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì. 682 ni wọ́n ka àtẹ̀gùn náà sí, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Ẹ má fojú di í. Ìpele àtẹ̀gùn kan kò ga tó èkejì, nítorí náà orúnkún kì í mọ ibi tí yóò bá ẹsẹ̀ kejì. Àwọn ọ̀dọ́ á sáré gun apá ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó dé ibi ìsinmi kejì, ẹ ó bá wọn ní ìjókòó tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tó bá rọra gùn ún, tó ń jókòó ní gbogbo ibi ìsinmi, ló máa ń dókè pẹ̀lú agbára lára. Mo ti rí àwọn ìyá tó ti dàgbà tí wọ́n gùn ún bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín dókè. Ọmọ tó bá ti ń lọ iléèwé lè gùn ún pẹ̀lú. Ọmọ ẹ̀yìn ni kò yẹ kéèyàn pọ̀n lọ, nítorí pé bí ẹ bá ń bọ̀ nílẹ̀, ẹ ó nílò ọwọ́ méjèèjì.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ ṣe pàtàkì. Lásìkò ọdún Àjíǹde àti Kérésìmesì, èrò á kún àtẹ̀gùn fọ́fọ́, ariwo á sì bo ohun gbogbo. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ lásán ló dára jù. Kí oòrùn tó ta sórí àpáta, ara òkúta á ṣì tutù, atẹ́gùn á máa fẹ́. Tó bá di ọ̀sán, àpáta náà á máa jó ẹsẹ̀ láti inú bàtà.

Lókè ni ìlú àtijọ́ wà, àárín àwọn òkè ló sì dó sí. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé fún ọ̀pọ̀ ìran kí wọ́n tó ṣí wá sísàlẹ̀ ní àwọn ọdún 1920 sí 1930. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́, àti iléèwé tí àwọn míṣọ́nárì dá sílẹ̀ ní 1896. Mo gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ dúró pẹ́ níbí. Ẹ fọwọ́ kan ògiri amọ̀ iléèwé yẹn kẹ́ ẹ sì rò ó pé gbogbo ohun tí kì í ṣe amọ̀ tàbí igi lára rẹ̀, orí ni wọ́n fi rù ú gun òkè. Ní 2007 ni wọ́n fi òkè yìí sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ẹni tó bá dúró láàárín ìlú àtijọ́ náà kò ní béèrè ìdí.

Lójú tèmi, ọ̀nà tó kọjá ìlú àtijọ́ lọ síbi ẹsẹ̀ Agbóògùn, ìyẹn ojú ẹsẹ̀ kan tó wà lórí òkúta, àti síbi omi tí wọ́n ń pè ní Omi Aopara ló dára jù nínú gbogbo ọ̀nà Ìdànrè. Kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀, kò sí irin tẹ́ ẹ máa dì mú. Ẹ ó gba inú igbó kékeré kọjá, ẹ ó bọ́ sórí àpáta gbalaja, ẹ ó tún wọ inú igbó. Bẹ́ ẹ bá rìn jẹ́ẹ́, ẹ lè rí ọ̀wàwà, ẹranko aláìnírù tó ń gbé inú pàlàpálá òkúta, tó máa ń yọjú wò yín kó tó sá wọlé. Àwọn àgbẹ̀ náà ń gba ọ̀nà yìí lọ sóko, ẹ máa kí wọn dáadáa.

Ibi tí àpáta bá ti dagẹ̀rẹ̀ ni ọmọ ìlú tó mú wa lọ ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rìn ín. Sílípáàsì lásán ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí n má fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan tẹ̀ ẹ́, kí n gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lé òkúta, kí n tẹ orúnkún díẹ̀, kí n má sì dúró lójú kan. Ó fi ìka hàn mí: ibi tó funfun, tó rí gbágungbàgun, ibẹ̀ ni kí n tẹ̀, ìlà dúdú tó ń dán, kí n fò ó, torí ewédò ló ń hù níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ojú mi kì í kúrò lára àwọ̀ òkúta bí mo bá ń rìn lórí òkè.

Agbóògùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ìlú ṣe ń sọ ọ́, ọdẹ alágbára ni. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà lórí òkúta náà ni wọ́n ní ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn máa ń bá mu, àfi ti àjẹ́. Gbogbo èrò ló ń bọ́ bàtà gbé ẹsẹ̀ sí i. Ẹ fún amọ̀nà láyè kó sọ ìtàn náà bó ṣe gbọ́ ọ, ẹ má kánjú.

Òkè Òròṣùn yàtọ̀ pátápátá. Ibi ọ̀wọ̀ ni. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n máa ń ṣe ọdún òrìṣà Òròṣùn. Ẹ má dá lọ síbẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ẹ má sì gùn ún bí ẹsẹ̀ yín kò bá tíì mọ àpáta. Bẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ kan péré, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lọ síbi ẹsẹ̀ Agbóògùn.

Ìparí oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù: òjò ti ń lọ, ọyẹ́ kò tíì dé, ojú á ríran jìnnà. Bí ọyẹ́ bá ti mú, kùrukùru á bo gbogbo òkè tó kù. Ní ìgbà òjò, Omi Aopara máa ń sán bí ààrá, ṣùgbọ́n òkúta á ti di yíyọ̀, nítorí náà bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan sì wà tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1963, tí a kò mọ̀ mọ́ ibòmíràn ní gbogbo ayé ju òkè Ìdànrè lọ. Lára àpáta tí omi ń ṣàn lé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọ ẹsẹ̀ tàbí àwo pẹ̀lú ọṣẹ nínú omi yẹn, kẹ́ ẹ sì kó ọ̀rá omi tẹ́ ẹ bá mu sọ̀ kalẹ̀ padà. Ọ̀rá tí mo ń bá láàárín pàlàpálá òkúta níbẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ní ti amọ̀nà, ẹ bá a dúnàá dúrà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì dárúkọ gbogbo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dé. Ọkùnrin kan ti bá wa sọ iye kan rí, nígbà tá a dé ìlú àtijọ́ ló tó ní owó tí a san kò dé ibi ẹsẹ̀ Agbóògùn. Ẹ má sì gbọ́kàn lé máàpù orí fóònù, kì í mọ àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn. Bàtà tí ìdí rẹ̀ le, tó ń di ilẹ̀ mú, ni kẹ́ ẹ wọ̀. Omi tó pọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé, nítorí kò dájú pé ẹ ó rí rà lókè.

Bí orúnkún ẹnì kan nínú yín kò bá lè gun òkè, kó má torí ẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀. Kó fẹsẹ̀ rin àárín ìlú nísàlẹ̀ ní àkókò kòkó, nígbà tí wọ́n ń sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó sì máa wo àpáta láti ìsàlẹ̀. Ní Òdòdé, kò sí igun tó yà sí tí òkè kò ní sí níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó jẹ iyán dè yín.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ sùn ní Ìdànrè mọ́jú, kẹ́ ẹ lè wà lórí àtẹ̀gùn nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ padà sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kó ti sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, torí ọkọ̀ máa ń wọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.