Kilt àfọwọ́rán àti kilt tí wọ́n rán sílẹ̀: èwo ló máa bá yín lára mu?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra kilt, aṣọ bíi síkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Scotland máa ń wọ̀, iye owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi, lẹ́yìn náà àwọ̀ tartan, ìyẹn aṣọ onílà tó dábùú ara wọn tí wọ́n fi ń rán an. Èmi á ní kí ẹ kọ́kọ́ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, láti ìbàdí dé ìdí. Ibẹ̀ ni kilt ti ń bá ni lára mu tàbí kó kọ̀.

Èyí tí aránṣọ ilẹ̀ Scotland fi ọwọ́ rán fún ẹni kan ṣoṣo sábà máa ń gba wúùlù bíi yáàdì 8. Ká ní ìbàdí yín jẹ́ íńṣì 34, ìdí yín 40. Aránṣọ á pín in bíi sí méjì: aṣọ iwájú tó tẹ́jú gba ìdajì, pílíìtì ẹ̀yìn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ po léraléra, gba ìdajì. Bí pílíìtì bá jẹ́ 27, gbogbo wọn ní láti kárí íńṣì 20 níbi ìdí, 17 péré níbi ìbàdí. Kálukú wọn á fẹ̀ tó nǹkan bí íńṣì 0.74 níbi ìdí, á sì máa tín-ín-rín lọ sókè títí á fi di 0.63. Ojú lásán lè má rí ìyàtọ̀ yẹn, àmọ́ òun ló ń jẹ́ kí aṣọ tẹ̀ lé ara, kí pílíìtì sì já wálẹ̀ tààrà. Bó ṣe ń tín-ín-rín yẹn náà, ìlà tartan kò gbọdọ̀ ṣì síra wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì gbà pé owó rẹ̀ tọ́ sí i.

Èyí tí wọ́n rán sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ ló rán an, aṣọ rẹ̀ kì í sábà tó yáàdì 8, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í ṣe wúùlù. Pílíìtì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tín-ín-rín. Áyọ́ọ̀nù ló mú un dúró. Ẹni tí ìbàdí àti ìdí rẹ̀ kò jìnnà síra lè wọ̀ ọ́ kó sì dára. Ẹni tó nídìí, pílíìtì á yanu lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá sì ra èyí tó gba ìdí, ìbàdí á tú.

Ti gígùn le fún méjèèjì. Àfọwọ́rán kì í ní etí tí wọ́n ká: etí tí ahunṣọ ti parí ló wà nísàlẹ̀, kò sí ohun tí ẹ máa tú láti fi kún un. Nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ nàró, kí ẹlòmíì wọ̀n láti ìbàdí dé ilẹ̀, kí ó yọ íńṣì kan kúrò. Bí ẹ bá tẹríba láti wo téèpù fúnra yín, ìwọ̀n ti yẹ̀.

Ẹ má fi nọ́ńbà jíǹsì ránṣẹ́ sí aránṣọ. Kilt ń jókòó níbi ìdodo tàbí sókè rẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ sì sábà máa ń tóbi ju ibi tí jíǹsì ń dúró sí. Ẹ má fa ikùn sínú. Ẹni tó níkùn, kó sọ ọ́, kí aránṣọ lè fún iwájú ní ju ìdajì lọ.

Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó kan ṣoṣo lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ ní Glasgow, ní Scotland, ẹ má ra olówó pọ́ọ́kú; ẹ yá èyí tó dára, wọ́n ń yá a níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ máa wọ̀ ọ́ fún ọdún pípẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rán an fún yín, kí ẹ sì ní kí bẹ́líìtì awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bọ́ sí ihò àárín lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á, kí ààyè lè wà bí ẹ bá sanra tàbí tí ẹ bá rù.