Láíbìrì ni àbí kíláàsì òru? Ibi ìkàwé ní Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ (OSU, ìyẹn Ogun State University, làwọn àgbà kan ṣì ń pè é, orúkọ tó ń jẹ́ láti 1982 títí di 2001), ibi méjì lẹ óò máa gbọ́: láíbìrì, àti kíláàsì tó ṣófo lóru.

Láíbìrì parọ́rọ́. Ìwé ńláńlá tí apá yín ò ká láti rà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, níbi gbogbo láyé ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi báàgì gba àga sílẹ̀, tí ẹ ò sì ní rí ẹni tó ni báàgì. Ẹ ò lè jẹun, ẹ ò lè jiyàn.

Ti kíláàsì òru yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ẹni tó mọ ìṣirò ti ń gba ṣọ́ọ̀kì, tí yóò tú u palẹ̀ lójú pátákó fáwọn tí kò yé, tí wọn óò ní kó tún un ṣe. Tí oorun bá dé, gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, omi tútù àti ẹ̀pà ni òògùn rẹ̀. Ẹ̀fọn ńkọ́? Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ o! Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, iná ọba ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ má sì dá rìn. Ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó forí lé ilé.

Ní tèmi, láíbìrì ni fún ohun tí mi ò tíì kà rí, kíláàsì òru fún àtúnyẹ̀wò. Tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo, láíbìrì ni, torí mo fẹ́ràn oorun.