Ríténà Mẹ́ta Lẹ́yìn Bíréèsì: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ bíréèsì, ìyẹn wáyà tí wọ́n fi ń to eyín, kúrò lẹ́nu ẹni, ara eyín kò tíì balẹ̀. Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó so eyín mọ́ èrìgì lè lò tó ọdún kan kí wọ́n tó gba ipò tuntun mọ́ra, ìdí sì nìyí tí dókítà fi máa ń ní kí á wọ ríténà, ìyẹn ohun tó ń di eyín mú sí ipò tuntun rẹ̀, tọ̀sán-tòru fún oṣù mélòó kan, kí á tó wá máa wọ̀ ọ́ lálaalẹ́. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀: Hawley, tó jẹ́ ike líle pẹ̀lú wáyà tó gba iwájú eyín kọjá, ike gaara tó máa ń bo gbogbo eyín, àti wáyà àlẹ̀mọ́ tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín iwájú, tí a kì í yọ.

Ní ti ẹwà, ike gaara ló borí Hawley. Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, Hawley máa ń mú kí ahọ́n wúwo fún ọjọ́ mélòó kan, pàápàá lórí "s" àti "ṣ". A kì í gbàgbé wáyà àlẹ̀mọ́ sílé, ṣùgbọ́n òwú ìfọyín gbọ́dọ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí á le síbẹ̀ bí òkúta. Ti àbúrò mi já kúrò lára eyín kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ó mọ̀; ìgbà tí eyín náà ti yí ló tó hàn sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rò jinlẹ̀ jù lọ ni ohun tí a lè ṣe nígbà tí ríténà bá bàjẹ́, nítorí ibẹ̀ ni owó mi bá lọ. Ike gaara ni mo kọ́kọ́ rà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo yọ ọ́ láti jẹun, mo sì fi omi tí mo gbé kaná fún ẹ̀bà ṣàn án, pẹ̀lú èrò pé omi gbígbóná yóò pa kòkòrò ara rẹ̀. Ojú kò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi padà sẹ́nu, kò jókòó mọ́. Ooru ti mú un wọ́. Dókítà ní kò ṣe é tún ṣe, àfi kí wọ́n gba àwòṣe eyín mi lọ́tun. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí owó rẹ̀ kó jọ, nígbà tí wọ́n sì fi gba àwòṣe náà, eyín ìsàlẹ̀ méjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn. Èyí tó dùn mí jù ni pé ríténà tuntun náà kò lè dá wọn padà: bí eyín bá ṣe wà lọ́jọ́ tí a gba àwòṣe ni yóò ṣe dì wọ́n mú. Kí ọdún tó yí po, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tún ti sán.

Hawley náà kò fẹ́ omi gbígbóná, ó sì lè kán bí a bá jókòó lé e. Ṣùgbọ́n dókítà lè fi ẹ̀mú tún wáyà rẹ̀ fà le, wọ́n lè lẹ ike rẹ̀ bó bá ya, bí eyín bá sì ti yẹ̀ díẹ̀, títún wáyà náà ṣe lè tì í padà. Báyìí ni eyín mi méjèèjì ṣe padà sípò, ọdún kẹrin sì rè é tí mo ti ń lo ẹyọ kan náà.

Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wáyà lẹ́nu yín, ike gaara yẹ yín, bí agbára yín bá ká a láti ra méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá mọ ara yín ní ẹni tó máa ń gbàgbé, ẹ gba wáyà àlẹ̀mọ́ fún eyín ìsàlẹ̀, kí ẹ sì máa lọ fún àyẹ̀wò déédéé. Ẹni tí ọ̀nà dókítà rẹ̀ jìn, tí kò sì fẹ́ san owó lẹ́ẹ̀mejì, Hawley ni kí ó béèrè. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ béèrè fún àwòṣe eyín yín tí wọ́n fi P.O.P. ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ bíréèsì, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò ti ní fọ́. Òun ni wọ́n lè fi ṣe òmíràn kí eyín tó rìn.